Ijó Bùríyàn ní Àjàṣẹ́: Ẹgbẹ́ Tí Ó Sọ Ẹni Tó Ti Òkun Dé Di Ará Ilé

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpérò ọdún ìbílẹ̀ wa)

   

Ìgbìmọ̀ ọdún ní kí n sọ ìtàn ẹgbẹ́ ijó kan ní ìlú wa. Bùríyàn ni mo mú. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa yóò béèrè pé, "Kí ni ijó Àgùdà ń wá nínú ọdún Nàgó? Ṣé a kò ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni? Ṣé a kò ní Egúngún àti Orò ni?" Ìbéèrè gidi ni, n kò sì ní sá fún un. Bí a bá dáhùn rẹ̀ dáadáa, a ó mọ ohun tó yẹ kí a ṣe fún ẹgbẹ́ náà kí ó tó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ìdáhùn mi rèé ní ṣókí: ọmọ wa ni púpọ̀ nínú àwọn tó gbé Bùríyàn dé. A tà wọ́n lọ, wọ́n padà wá. Nígbà tí wọ́n dé tí wọn kò rí ẹbí, ẹgbẹ́ ni wọ́n dá, ijó sì ni wọ́n fi so ẹgbẹ́ náà ró. Ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín bí ó ṣe rí.

Ibi tí wọ́n ti wá

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilé dàrú fún gbogbo ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire. Ọ̀yọ́ Ilé tú. Ogun fọ́ Òwu. Ogun Ìlọrin ń kó ènìyàn níhà àríwá, àwọn ọmọ ogun Dàhómè ń kó ènìyàn níhà ìwọ̀ oòrùn ní ilẹ̀ Nàgó. Ẹni tí wọ́n bá kó lẹ́rú, etíkun ni wọ́n ń mú un lọ: Wídà, Àgbádárìgì, Èkó, àti Àjàṣẹ́ tiwa yìí. Ẹ má jẹ́ kí a fi ìyẹn pamọ́. Ìlú wa jẹ nínú òwò náà. Àwọn Potogí ló sọ ọ́ ní Porto-Novo, ìyẹn èbúté tuntun, a sì mọ irú ẹrù tí èbúté náà ń kó.

Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíl ni ọkọ̀ já púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wọ̀nyí sí. Níbẹ̀, Nagô ni wọ́n ń pe ẹni tó bá ń sọ èdè wa, orúkọ kan náà tí àwọn aládùúgbò wa ń pè wá níhìn-ín. Títí di òní, àwọn ilé òrìṣà wà ní Bàhíà tí wọ́n ń pe ara wọn ní orílẹ̀ Kétu. Ẹ̀yin ará Kétu tó jókòó síbí, orúkọ ìlú yín ń bẹ lẹ́nu àwọn tí kò fojú kan ẹnu ọ̀nà Àkàbà Ìdènà rí.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Nàgó dìde ogun ní Salvador, olú ìlú Bàhíà, nítorí pé ọrùn wọn kò gba àjàgà mọ́. A ṣẹ́gun wọn. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n na àwọn kan ní pàṣán, wọ́n sì lé àwọn mìíràn padà sí Áfríkà. Láti ìgbà náà ni ojú ti ń le mọ́ àwọn dúdú tó ti ra ara wọn padà ní oko ẹrú. Ọ̀pọ̀ wọn kó owó jọ, wọ́n san owó ọkọ̀, wọ́n kọrí sílé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí di ìgbà tí Bràsíl fòpin sí oko ẹrú ní ọdún 1888 àti lẹ́yìn rẹ̀. Èkó, Àjàṣẹ́, Wídà, Àgùé àti Ànẹ̀hó ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí.

Kí òtítọ́ lè pé, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Kì í ṣe gbogbo Àgùdà ló ti oko ẹrú dé. Àwọn oníṣòwò Bràsíl àti Potogí wà láàrin wọn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ hàn jù ni Francisco Félix de Souza tí a ń pè ní Chacha, tó kú ní Wídà ní ọdún 1849. Ẹrú ni òwò rẹ̀. Àwọn kan tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú rí náà padà wá ṣòwò ẹrú. Nígbà tó yá, ọmọ ẹni tó tà àti ọmọ ẹni tí a tà wá ń jẹ́ orúkọ kan: Àgùdà. Wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn, wọ́n ń sin òkú ara wọn. Ẹ fi sọ́kàn, a ó padà kan ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tó bá wọn nílé

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n ibo ni ilé wà fún wọn? Ọ̀yọ́ Ilé ti di igbó. Òwu ti di ahoro. Ọ̀nà Kétu kò ṣeé rìn nítorí àwọn ọmọ ogun Dàhómè, títí Kétu fúnra rẹ̀ fi tú ní ọdún 1886. Ẹni tó bá fi etíkun sílẹ̀ tó wọ igbó lọ wá ilé bàbá rẹ̀ lè tún bọ́ sọ́wọ́ akónilẹ́rú. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ wọn dúró sí etíkun.

Wọn kò dé lọ́wọ́ òfo. Káfíńtà wà nínú wọn, bíríkìlà wà, télọ̀ wà, onígbàjámọ̀ wà, alásè wà, oníṣòwò wà. Ẹ wo àwọn ilé àtijọ́ tó ní fèrèsé gíga àti ọnà ara ògiri ní àárín ìlú wa. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn àti ti àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Nígbà tí Ọba Tófà wà lórí oyè, láti ọdún 1874 títí di 1908, àwọn Àgùdà wà lára àwọn tó ń gbọ́ èdè àjèjì tí wọ́n sì mọ òwò òkè òkun ní Àjàṣẹ́.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí owó kò lè tán. Ẹnu ayé ń sọ ọ́ lẹ́yìn wọn pé, "Ẹni tí a tà ni bàbá ẹ." Àwọn àgbà wa tilẹ̀ ti dá irú ẹnu bẹ́ẹ̀ lóhùn tipẹ́. Wọ́n ní ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, igbe ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe kò ní kí ẹni tó fẹ́ gàn ọ́ má gàn ọ́. Ẹni tí kò lè ka oríkì orílẹ̀ rẹ̀, tí kò mọ agbo ilé bàbá rẹ̀ mọ́, kí ni yóò fi dáhùn nígbà tí wọ́n bá bi í pé, "Ọmọ ta ni ọ́?"

Wọ́n dáhùn. Wọn kò ní "ọmọ ẹrú ni wá", wọn kò sì ní "a kò lọ ibì kankan". Wọ́n ní, "Àgùdà ni wá." Wọ́n mú orúkọ tí wọ́n gbà ní òkè òkun, da Silva, d'Almeida, dos Santos, Paraïso, Medeiros, wọ́n sọ ọ́ di orúkọ ìdílé. Wọ́n ń kí ara wọn ní àárọ̀ pé "Bom dia, como passou?" Àwọn àgbà ilé Àgùdà kan ṣì ń kí ara wọn bẹ́ẹ̀. Ibi tí ojú ti fẹ́ tì wọ́n gan-an ni wọ́n ti bu iyì fún ara wọn.

Bí wọ́n ṣe di ẹgbẹ́

Àwa Yorùbá mọ ohun tí à ń pè ní ẹgbẹ́. Ẹni tí kò ní ẹ̀gbọ́n, ẹgbẹ́ ni yóò bá a gbé òkú. Ẹni tí kò ní àna, ẹgbẹ́ ni yóò bá a tọrọ ìyàwó. Àwọn tó ti Bàhíà dé mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ní Bàhíà, lábẹ́ orúkọ àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà, àwọn dúdú ti ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí ó ń sin òkú, tí ó ń ṣètọ́jú aláìsàn, tí ó sì ń dá owó láti ra ènìyàn wọn kúrò lóko ẹrú. Nígbà tí wọ́n dé ìhín, ẹgbẹ́ náà ni wọ́n tún dá.

Ọjọ́ ńlá wọn ni ọdún Bonfim ní oṣù kìn-ín-ní. Nosso Senhor do Bonfim ni Olúwa tí wọ́n ń bọlá fún ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan lórí òkè ní Salvador. Ní Bàhíà, àwọn ọmọ òrìṣà gbà pé ẹni tí a ń pè bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí Òṣàlá, Ọbàtálá tiwa. Ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin tó wọ aṣọ funfun fi ń gbé omi lọ fọ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì náà lọ́dọọdún. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń bọ Ọbàtálá yóò mọ ibi tí omi àti aṣọ àlà yẹn ti ṣẹ̀.

Ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín, alẹ́ Sátidé ni ọdún náà ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ́de, orin àti ìlù káàkiri ìgboro. Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n á lọ gbọ́ Mísà ní kàtídírà, wọ́n á ta aṣọ aláwọ̀ ewé àti òféèfèé kọ́ àyà, àwọ̀ àsíá Bràsíl. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jọ jẹun. Ẹ̀wà tí wọ́n fi ẹran sè, tí wọ́n ń pè ní feijoada, kì í wọ́n níbẹ̀. Àwọn Àgùdà Èkó náà mú ẹ̀wà yìí mọ́ra. Fúréjọ̀n tí wọ́n ń jẹ ní ọjọ́ Jímọ̀ ṣáájú Àjíǹde, ẹ̀wà àti àgbọn ni. Lẹ́yìn oúnjẹ, Bùríyàn dé.

Ní èdè Yorùbá, bí a bá ní ìjọ Àgùdà, Kátólíìkì ni à ń wí, bí ẹni pé Àgùdà àti Kátólíìkì kò yà. Ṣùgbọ́n ní Àjàṣẹ́, ilé Àgùdà wà tó jẹ́ Mùsùlùmí látìgbà tí bàbá ńlá wọn ti wà ní Bàhíà. Ẹ wo Mọ́sálásí Ńlá wa tí a kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ẹni tí kò mọ ìtàn yóò rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, nítorí pé ọwọ́ ìkọ́lé Bàhíà ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nígbà tí ọdún Bonfim bá dé, àwọn Àgùdà tó jẹ́ Mùsùlùmí náà ń bá àwọn ọmọ ìyá wọn Kátólíìkì jókòó sídìí oúnjẹ kan náà, wọ́n sì jọ ń wo ìran kan náà. Níbi ijó, a kì í bi ẹnikẹ́ni bóyá mọ́sálásí ló ti ń bọ̀ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí Bùríyàn ṣe nìyẹn tí ìwàásù nìkan kì bá lè ṣe.

Ijó náà fúnra rẹ̀

Burrinha ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Potogí, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kékeré. Ẹnu wa ló sọ ọ́ di Bùríyàn. Ìbátan ni òun àti ijó màlúù tí wọ́n ń pè ní bumba-meu-boi ní àríwá ìlà oòrùn Bràsíl.

Ẹni tó ń jó kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ á ki ara bọ inú igi tí wọ́n fi aṣọ bò. Orí ẹran á wà níwájú, aṣọ á bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹni tó ń wò ó á rò pé ẹran ló gùn. Màlúù á tún jáde, á ṣe bí ẹni fẹ́ kàn ènìyàn, àwọn ọmọdé á sá, wọ́n á tún padà wá. Ẹyẹ ńlá kan wà tí ọrùn rẹ̀ gùn. Òmìrán wà, akọ àti abo, èyí tí ènìyàn máa ń wọ̀ lábẹ́ tí á sì máa fi jó yí ká. Àwọn mìíràn á fi agọ̀ bo ojú, wọ́n á wọ kóòtù àti ṣòkòtò bí òyìnbó, wọ́n á máa fi ìrìn àti ìṣe àwọn ọlọ́lá ayé àtijọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn obìnrin á máa gbe orin, àwọn ọkùnrin á máa lu ìlù pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ dáadáa, ẹ ti rí nǹkan kan nínú ohun tí mo sọ yìí. Agọ̀ tó ń fi ìwà ènìyàn ṣàwàdà, ẹranko tó ń jó, orin tó ń báni wí pẹ̀lú ẹ̀rín: n kò sọ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló bí Bùríyàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí Bùríyàn dé, kò sí onílé tó wò ó bí nǹkan àjèjì pátápátá. Ojú wa ti mọ irú rẹ̀. Ìdí kan nìyẹn tó fi rí àyè jókòó.

Ohun tí àwọn yòókù rí gbà nínú rẹ̀

Ìlù onígun mẹ́rin tí mo dárúkọ yẹn, sámbà ni àwọn ará Èkó ń pè é. Láti ọwọ́ àwọn Àgùdà ló ti dé inú orin àṣìkò ní Èkó. Orin àṣìkò yìí wà lára ohun tí jùjú jáde láti inú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1940, nígbà tí Túndé King gba àwo orin sílẹ̀. Nítorí náà, nígbà mìíràn tí ẹ bá ń jó jùjú níbi ìgbéyàwó ní Kútọnù tàbí ní Ìfànyìn, ẹ rántí pé ọwọ́ Àgùdà wà níbẹ̀.

Àwọn Àgùdà náà wà lára àwọn tó mú ijó gbọ̀ngàn wọ ìlú etíkun, ijó tí ọkùnrin àti obìnrin ń di ara wọn mú jó, tí a ń pè ní bal lójú Faransé. Ní Èkó, wọ́n dá ẹgbẹ́ eré ìtàgé sílẹ̀, Brazilian Dramatic Company. Nígbà tí ìran tó tẹ̀ lé e dé, ijó gbọ̀ngàn di ti gbogbo ènìyàn. Rọ́ńbà àti cha-cha-cha tinú àwo orin Kúbà wọlé, háíláìfù ti Gánà àti Èkó wọlé. Ní Kútọnù, Poly-Rythmo bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1968, wọ́n ń kọrin ní Fọ̀n, ní Mínà àti ní Yorùbá. Gnonnas Pedro, tó kú ní ọdún 2004, jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé ọmọ Bẹ̀nẹ̀ lè kọ orin Kúbà kí ó sì dùn mọ́ ọmọ Kúbà fúnra rẹ̀ létí.

Ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ àwọn olórin wọ̀nyí wá nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ olórin ìgbà náà ti fọ́n ká. Bí owó gbọ̀ngàn ti ń dínkù, tí àṣà alẹ́ ń yí padà, àwọn olórin gba ọ̀nà tiwọn lọ. Bùríyàn tó dàgbà jù wọ́n lọ ṣì wà. Kì í ṣe pé ìlù rẹ̀ dùn ju tiwọn lọ. Ohun tó gbé e ró ni pé ilé ni ẹgbẹ́ náà. Ẹni tó ń lù ú, bàbá rẹ̀ lù ú. Ẹni tó ń gbè é, ìyá rẹ̀ gbè é. Nígbà tí òkú bá kú ní ilé Àgùdà, Bùríyàn á jáde, kì í ṣe nítorí owó, nítorí pé òkú ẹgbẹ́ ni.

Ibi tí ewu wà

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀.

Èkíní, orin. Èdè Potogí ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n Potogí tó ti gba ẹnu ìran mẹ́rin tàbí márùn-ún kọjá. Ọ̀rọ̀ kan ti fẹ́ sínú èkejì. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń gbè é mọ ìró rẹ̀, wọn kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni orin ń wí, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà tó lè sọ pé "orin yìí, ọkọ̀ ló ń wí", tàbí "orin yìí, òkú lagbájá la fi ń dárò", kò pọ̀ mọ́. Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Bí àrọ́bá náà bá wá lọ, kí ni yóò bá?

Èkejì, owó. Wọ́n ń pe Bùríyàn sí ibi gbogbo báyìí: ìsìnkú, ìgbéyàwó, àbẹ̀wò àlejò ìjọba. Kò burú. Ọ̀nà jíjẹ ni fún àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó bá di iṣẹ́ owó nìkan, ọjọ́ tí owó bá dáwọ́ dúró ni yóò túká, bí àwọn ẹgbẹ́ olórin tí mo dárúkọ. Ẹni tí wọ́n háyà láti jó fún wákàtí kan kò ní jókòó ti opó.

Ẹ̀kẹta, ìtìjú àti ìgbéraga. Mo ní a ó padà sí ọ̀rọ̀ ẹni tó tà àti ẹni tí a tà. Àwọn ilé kan wà tó jẹ́ pé ìtàn ọlá nìkan ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Wọ́n fẹ́ gbọ́ pé bàbá àwọn jẹ́ oníṣòwò ńlá. Wọn kò fẹ́ gbọ́ irú ọjà tó tà. Àwọn ilé mìíràn kò fẹ́ kí a sọ pé bàbá àwọn ti wà lóko ẹrú rí. Bí a bá fi ìdajì ìtàn pamọ́ nítorí ìgbéraga, tí a fi ìdajì kejì pamọ́ nítorí ìtìjú, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ onígi nìkan ni yóò kù fún àwọn ọmọ wa. Bẹ́ẹ̀ iyì tó wà nínú ẹgbẹ́ yìí ni pé ọmọ ìhà méjèèjì jókòó lábẹ́ àsíá kan, wọ́n jọ jó, wọn kò pa ara wọn. Ìlú wo ni kò nílò irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀?

Ohun tí ó yẹ ká ṣe

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti gba orúkọ lágbàáyé. Ní ọdún 2001 ni UNESCO ti kéde rẹ̀, ó sì wọ ìwé ogún ayé tí kì í ṣe ohun àfọwọ́kàn ní 2008, Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ló jọ ni ín. Ní ọdún 2019, ijó màlúù ti Maranhão ní Bràsíl, ìbátan Bùríyàn, náà wọ ìwé yẹn. Kò sí ohun tí àwọn yẹn ṣe tí àwa kò lè ṣe. Wọ́n kó àgbà jọ, wọ́n béèrè, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé, ohun mẹ́rin ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ Bùríyàn, ẹ jẹ́ kí a jókòó tì yín. Orin kan lọ́jọ́ kan, kí ẹ kọ ọ́, kí ẹ sọ ibi tí ẹ ti gbọ́ ọ, ìgbà tí à ń kọ ọ́, àti ohun tí ẹ gbà pé ó túmọ̀ sí. Bí ìtumọ̀ àgbà méjì bá yàtọ̀, kí a kọ méjèèjì. Tẹlifóònù ọwọ́ ọmọ yín tó láti gba ohùn yín sílẹ̀.

Ẹ̀yin ìdílé Àgùdà, ìwé àti fọ́tò tó wà nínú àpótí yín, ìwé ìrìbọmi, ìwé ọkọ̀, ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, ẹ má jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́. Kì í ṣe pé kí ẹ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí a ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ sì mú tiyín padà sílé. Àjàṣẹ́ ti ní musée da Silva tó ń sọ ìtàn àwọn Àgùdà. Ilé tó bá fẹ́ lè bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin aṣojú ìjọba, ẹ ṣeun tí ẹ ń pe Bùríyàn síbi ayẹyẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn pè wọ́n kí wọ́n wá jó kí wọ́n sì lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹni kan nínú wọn gba makirofóònù, kí ó sọ ìtàn ìṣẹ́jú márùn-ún kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀. Ní ìsinmi ilé-ìwé, ẹ fún ẹgbẹ́ ní ibi tí wọ́n á ti máa kọ́ àwọn ọmọdé ní ìlù àti agọ̀ ṣíṣe. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé dá dúró mọ́. Ní ọdún 2024, orílẹ̀-èdè wa ṣòfin pé ẹni tí a kó bàbá ńlá rẹ̀ lẹ́rú láti Áfríkà lè gba ìwé ọmọ Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n á máa wá láti Bràsíl, láti Amẹ́ríkà, láti Kúbà. Nígbà tí wọ́n bá dé Àjàṣẹ́, wọ́n á béèrè pé, "Àwọn tó ti ṣáájú wa padà wálé ńkọ́? Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é?" Bùríyàn ni ìdáhùn wa. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dé kí a máa wo ojú ara wa.

Ẹ̀yin ará Nàgó ẹlẹgbẹ́ mi, tí ẹ ní Bùríyàn kì í ṣe tiwa, ìkẹrin yìí ni tiyín. Ẹ fún un ní ààyè nínú ọdún wa, ní orúkọ rẹ̀, láìsọ ọ́ di Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kejì. Ẹni tí ó ti Ọ̀yọ́ bọ́ sí oko ẹrú, tó ti oko ẹrú bọ́ sí Bàhíà, tó sì ti Bàhíà gbé ìlù padà dé etíkun wa, ta ni yóò sọ fún un pé kò dé ilé? A kò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ẹ jẹ́ kí a gba ọmọ rẹ̀.

Ọlọ́run ọba kò ní jẹ́ kí a sọ ohun rere nù lójú ara wa. Àwọn àgbà tó mọ orin náà, ẹ̀mí wọn á gùn. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ ọ, wọn á kọ́ ọ dójú àmì. Ọdún á tún ọdún ṣe, ẹsẹ̀ kò ní yà lójú agbo. Ìlú Àjàṣẹ́ á tòrò, Kétu á tòrò, Sábẹ á tòrò, gbogbo ọmọ wa tó wà lókè òkun á rántí ilé.